Ṣé Ẹsẹ̀ Ìyàwó Ni, Tàbí Ọwọ́ Ọlọ́run?

Bí ìyàwó tuntun bá wọlé, tí ọkọ sì rí ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ láàárín oṣù díẹ̀, ẹbí a máa wí pé, “Ẹsẹ̀ ìyàwó yìí dára.” Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ọkọ, tàbí tí àkọ́bí bá ń ṣàìsàn, ẹnu kan náà ni yóò yí padà: “Olórí burúkú ni ó mú wálé.” Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti pa lẹ́kún rí.

Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé ẹni tí ó sọ ọ́ lè ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, níbi tí ó ti yin Ọlọ́run Olùpèsè lógo. Ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò nínú ìwé Rúùtù.

Ìyàn mú ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, Élímélékì sì kó Náómì aya rẹ̀ àti ọmọkùnrin wọn méjèèjì lọ sí ilẹ̀ Móábù. Élímélékì kú níbẹ̀. Àwọn ọmọ náà gbé ọmọbìnrin Móábù níyàwó. Nígbà tí wọ́n ti gbé ibẹ̀ tó bí ọdún 10, àwọn méjèèjì kú. Bí ó bá ṣe pé àdúgbò wa ni, kí ni à bá pe Rúùtù? Ẹ mọ orúkọ náà. Ṣùgbọ́n Náómì, tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kò fi ẹnu kan ẹsẹ̀ aya ọmọ rẹ̀. Olódùmarè ni ó ní ó mú kí ayé òun korò. Ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ ni, ṣùgbọ́n ó mọ ọwọ́ ẹni tí ọ̀ràn òun wà.

Rúùtù jáde lọ pèéṣẹ́, ó sì ṣe kòńgẹ́ oko Bóásì. Ọ̀rọ̀ Hébérù tí a lò níbẹ̀ náà ni àwọn Fílístínì lò nínú 1 Sámúẹ́lì orí 6, nígbà tí wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá Ọlọ́run ni ó ń jẹ wọ́n níyà tàbí èèṣì lásán ni. Lójú Rúùtù, èèṣì ni, nítorí kò mọ olóko. Lójú Ọlọ́run, kì í ṣe èèṣì: ibẹ̀ ni ó ti bá ọkọ pàdé, ó bí Óbédì, bàbá bàbá Dáfídì, Mátíù orí 1 sì ka orúkọ rẹ̀ mọ́ ìran Jésù.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ìpèsè yìí kò já bọ́ láti ojú sánmà. Òfin inú Léfítíkù orí 19 ni ó ní kí olóko fi èéṣẹ́ sílẹ̀ fún tálákà àti àlejò. Bóásì pa á mọ́, ó tún ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Rúùtù alára ṣiṣẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Ọkà bálì tí ó lù tó òṣùwọ̀n éfà kan. Ẹni tí ń fi owó oúnjẹ ta tẹ́tẹ́, tí ó ní Ọlọ́run yóò ṣe òun ní oríire, kò jọ Rúùtù. Abiyamọ tí kò gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, tí ó ní kádàrá ni gbogbo rẹ̀, kò jọ ọ́ pẹ̀lú.

Ẹ ó bi mí pé, bí Ọlọ́run bá ń pèsè, èé ṣe tí ibi fi ń bá ẹni rere? N kò ní sọ pé ìdáhùn rọrùn. Ọmọ tí Náómì gbé lé àyà kò jí àwọn tí ó sin dìde. Ṣùgbọ́n nínú Lúùkù orí 13, Jésù dárúkọ àwọn 18 tí ilé ìṣọ́ Sílóámù wó pa, ó sì sọ gbangba pé wọn kì í ṣe ẹlẹ́ṣẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi àjálù di ẹ̀bi ru aláìṣẹ̀.

Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ọkọ yín lọ́la, ẹ má ṣe gba orúkọ olórí burúkú. Ẹ jùmọ̀ kúnlẹ̀ gbàdúrà, ẹ ṣírò ohun tí ó kù nílé, kí ẹ sì wá oko tí ẹ lè pèéṣẹ́ nínú rẹ̀. Bí ayọ̀ bá sì dé, ẹ má ṣe yin ẹsẹ̀ yín. Ẹ yin Ọlọ́run. Ẹ̀yin tí ẹ óò sì di ìyá ọkọ lọ́jọ́ iwájú, ẹ rántí Náómì kí ẹ tó la ẹnu. Màlúù tí kò ní ìrù, Ọlọ́run ni í bá a lé eṣinṣin.