Ìwé Tó Ń Kọ́ni Lówó: Ibo Ni Ìmọ̀ràn Rẹ̀ Ti Wúlò?

Bí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó, àwọn tó ń kiri ìwé á máa sáré láàárín ọkọ̀. Ìwé bí a ṣe ń lówó ló sábà máa ń wà lókè ẹrù wọn: Rich Dad Poor Dad tí Robert Kiyosaki gbé jáde lọ́dún 1997, àti The Richest Man in Babylon ti George Clason, tó ti wà láti 1926. Lọ́dún 2022, James Choi, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Yale l'Ámẹ́ríkà, fi ohun tí 50 irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń sọ wé ohun tí àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ń kọ́ni. Ibi tí wọn ò ti fẹnu kò pọ̀.

Clason ní kí èèyàn kọ́kọ́ yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá owó tó bá wọlé kó tó ná kọ́bọ̀. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ní kò pọn dandan: ọ̀dọ́ tí owó oṣù rẹ̀ ṣì ń bọ̀ wá pọ̀ lè ná tòní, kó wá tọ́jú púpọ̀ tó bá yá. Lórí bébà, wọ́n jàre. Ṣùgbọ́n ẹ wo àjọ. Ìyá tó ń dá ₦1,000 lójúmọ́ mọ̀ pé bí oṣù bá parí, owó ọjọ́ kan ti di ti alájọ. Kò rí èlé gbà, òun gan-an ló ń sanwó kí wọ́n lè bá a tọ́jú owó. Kò kà á sí ìyà, torí owó tó bá sùn nílé, ọmọ, ẹbí àti ọbẹ̀ á bá a pín in. Ohun tí Clason ń tà náà nìyẹn.

Ti gbèsè ló le jù. Dave Ramsey, gbajúmọ̀ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò l'Ámẹ́ríkà, ní kí onígbèsè kọ́kọ́ san èyí tó kéré jù, kó má wo èlé. Ká ní ẹnì kan jẹ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní ₦40,000, tí èlé rẹ̀ jẹ́ ₦1 lórí ₦100 lóṣù. Ó tún jẹ àwọn ayánilówó orí fóònù ní ₦100,000, ₦10 lórí ₦100 ni tiwọn. ₦40,000 wá bọ́ sí i lọ́wọ́. Bó bá fi san ti ẹgbẹ́, èlé ₦400 ló bọ́ lọ́rùn rẹ̀ lóṣù. Bó bá kó o fún àwọn ti orí fóònù, ₦4,000 ni. Ramsey á ní ayọ̀ pé gbèsè kan ti tán ni yóò kì í láyà láti san ìyókù. Mo gbà, bí èlé méjèèjì bá súnmọ́ra. Àmọ́ ₦3,600 lóṣù ti pọ̀ jù láti fi ra ayọ̀.

Kiyosaki ní tirẹ̀ ní ilé tí èèyàn ń gbé kì í ṣe ọrọ̀, torí kì í mówó wọlé. Ó fo owó ilé tí onílé ò san mọ́ dá. Ẹni tí lánlọ́ọ̀dù ti bi ní owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà kò jẹ́ fò ó.

Dọ́là sì ni gbogbo wọn ń rò. Ní Nàìjíríà, ní oṣù Kejìlá 2024, iye tí ọjà fi wọ́n sí i láàárín ọdún kan lé ní ₦34 lórí ₦100. ₦100,000 tó ti wà nínú àpótí láti Kejìlá 2023 kò lè ra ju ohun tí nǹkan bíi ₦74,000 ń rà tẹ́lẹ̀. Àjọ oṣù kan kò rí ìyẹn lára, owó ọdún mẹ́ta ló ń rí i. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń kọ́lé díẹ̀díẹ̀ fi máa ń sọ àjọ rẹ̀ di búlọ́ọ̀kù ní kété tó bá ti gbà á.