"Break": Ọ̀rọ̀ Kan tí Ó Ní Ìtumọ̀ Púpọ̀

Bí a bá bi ọmọ ilé-ìwé kan léèrè ìtumọ̀ "break", kíá ni yóò dáhùn pé, "Fọ́." Ìdáhùn náà kò burú, ṣùgbọ́n kò tó. Àwa tí a ń múra àti di olùkọ́ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ bí kò ti tó, nítorí bí a bá fi ìtumọ̀ kan ṣoṣo lé ọmọ lọ́wọ́, òun náà ni yóò máa lò káàkiri. Ní ọjọ́ tí orí bá ń fọ́ ọ, yóò kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé, "My head is breaking me." Olùkọ́ yóò fa ìlà pupa sí i nídìí, bóyá yóò tilẹ̀ nà án, bẹ́ẹ̀ olùkọ́ gan-an ni ó gbin èpò náà.

Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni "break" nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ìbátan "brechen" ti àwọn ará Jámánì ni, àti ti "frangere" nínú èdè Látìn. Láti inú "frangere" yìí ni "fraction" ti wá, èyí tí a ń bá wọ̀yá ìjà nínú ìṣirò. Ohun tí a dá sí wẹ́wẹ́ ni. Àwọn baba wa kò jìnnà sí èrò yìí, nítorí inú "dá" ni "ìdá" ti jáde. Kì í ṣe "break" ni ó ní ìtumọ̀ jùlọ o. Nínú ẹ̀dà kejì ìwé atúmọ̀ èdè ńlá ti Oxford, tí ó jáde ní 1989, ìtumọ̀ "set" ju 400 lọ. Ṣùgbọ́n lójú tiwa, "break" ni ó ń fi ìyàtọ̀ àárín èdè méjèèjì hàn jù.

Ìyàtọ̀ náà nìyí: Gẹ̀ẹ́sì ń wo ìṣe, Yorùbá ń wo ara ohun tí a ṣe é sí. Àwo àti ẹyin a máa fọ́. Igi ìdáná, ṣíṣẹ́ ni a ń ṣẹ́ ẹ. Okùn a máa já. Egungun a máa kán. Àkàrà tí a ń kà nípa rẹ̀ nínú Bíbélì, bíbù ni a bù ú. Òfin ńkọ́? A rú u. Àdéhùn? A yẹ̀ ẹ́. "Break" nìkan ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe gbogbo wọn. Síbẹ̀ kò bo ohun gbogbo, nítorí aṣọ àti ìwé tí ó ya ní ọ̀rọ̀ tiwọn, "tear". Ẹni tí ó bá kọ "I broke my shirt" ti ṣìnà. Kí olùkọ́ mú okùn tí ó ti gbó, igi gbígbẹ àti ìkòkò tí kò wúlò mọ́ wá sí kíláàsì, kí àwọn ọmọ máa pe orúkọ ìṣe kọ̀ọ̀kan ní Yorùbá bí ó ti ń ṣe é lójú wọn. Wọn kò ní gbàgbé.

Ìgbà mìíràn wà tí a kò fi ọwọ́ kan ohunkóhun. "Day breaks": ilẹ̀ mọ́ ni, ọjọ́ kò fọ́. Ogun tí ó "break out" bẹ́ sílẹ̀ ni. Mọ́tò tí ó "break down" dẹnu kọlẹ̀. Bí ilé-ìwé bá "break up", ẹ má ṣe rò pé ìjà ni, ọlidé ni. Olè tí ó "break in" nìkan ni ó mú wa padà sọ́dọ̀ "fọ́", nítorí ilé ni ó fọ́.

Èyí tí ó wù wá jù ni "break the news". Ẹni tí ó ti rí bí àwọn àgbà ti ń túfọ̀ kò ní bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀ mọ́. Ẹni tí a rán kì í sọ ọ́ lójijì. Yóò jókòó, yóò kí ará ilé, yóò bẹ̀rẹ̀ láti òkèèrè, yóò sì máa bu ọ̀rọ̀ náà díẹ̀díẹ̀ títí ẹni tí ó ń gbọ́ yóò fi mọ̀ fúnra rẹ̀. Nísinsìnyí àwọn oníròyìn orí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ń ké "breaking news" nígbàkúùgbà; ìròyìn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ni wọ́n ń wí, kò sì sí sùúrù kankan nínú tiwọn.

"Breakfast" náà ti inú rẹ̀ wá. Ẹni tí ó sùn mọ́jú láìjẹun ti gba ààwẹ̀, oúnjẹ òwúrọ̀ ni ó sì fi ṣínu. Kí a kíyè sí i pé ohùn rẹ̀ yí padà: "brek" ni a ń pè é níhìn-ín. "Brake" ti kẹ̀kẹ́, ẹ̀wẹ̀, bá "break" dọ́gba lẹ́nu, ṣùgbọ́n lẹ́tà wọn kò dọ́gba.

Ó ku "broke" àti "broken". "I am broke" ni pé owó tán lọ́wọ́ mi, ọ̀rọ̀ eré láàárín ọ̀rẹ́ sì ni. "I am broken" ni pé ìbànújẹ́ ti wó mi palẹ̀. Ọmọ tí ó bá fi èkejì kọ̀wé béèrè owó lọ́wọ́ baba rẹ̀, kí ó má ṣe yà á lẹ́nu bí baba bá fúnra rẹ̀ wọkọ̀ wá, tí ó sì gbé àgbo dání.