Ṣé lóòótọ́ ni pé èèyàn lè kó ìdọ̀tí gọ́tà òrùlé láì gun àkàbà? Wo bí wọ́n ṣe ń fi fákúùmù àti páìpù ṣe é nílé

Ní ìlú Enugu, ní gúúsù ìlà oòrùn Nàìjíríà, òjò kì í ṣe ohun tí àwọn èèyàn kàn ń sá fún. Òun ni omi ìfọṣọ, omi ìwẹ̀ àti omi ìdáná fún ọ̀pọ̀ ilé.

Ó ti pẹ́ tí ọ̀wọ́n omi ti ń bá ìlú náà fínra. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀pọ̀ onílé ló máa ń ra omi lọ́wọ́ ọkọ̀ agbómi tó ń gbé e wá láti agbègbè 9th Mile. Àmọ́ tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, gọ́tà tí wọ́n kàn mọ́ etí páànù ni yóò máa gba omi, tí páìpù yóò sì gbé e lọ sínú táǹkì.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní ọ̀pọ̀ ilé ní Port Harcourt, Owerri, Calabar àti àwọn ìlú mìíràn ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tí omi ẹ̀rọ ìjọba kò dé dáadáa.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé gọ́tà kan náà tó ń gba omi òjò ló ń gba eruku ọyẹ́, ewé gbígbẹ, ìgbẹ́ ẹyẹ àti òkú alángbá láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹta. Kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀, ẹnìkan gbọ́dọ̀ kó gbogbo rẹ̀ kúrò.

Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni náà yóò gun àkàbà onígi tó ti gbó, yóò di páànù mú lọ́wọ́ kan, yóò sì máa fi ọwọ́ kejì wa ìdọ̀tí.

Àjọ ìlera lágbàáyé, WHO, sọ pé nǹkan bíi 684,000 èèyàn ló ń kú lọ́dọọdún kárí ayé nítorí pé wọ́n ṣubú. Lẹ́yìn ìjàm̀bá ojú pópó, kò sí ìjàm̀bá àìròtẹ́lẹ̀ mìíràn tó ń pa èèyàn tó o. Kì í ṣe gbogbo wọn ló já láti orí àkàbà o, àmọ́ ẹni tó bá já láti ibi gíga kì í sábà ṣèṣe kékeré.

Ìdí nìyí tí àwọn onílé kan fi ń so páìpù gígùn mọ́ fákúùmù, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fa ìdọ̀tí, kí wọ́n lè dúró sórí ilẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà.

Kí ló dé tí gọ́tà tó dí fi jẹ́ ìṣòro?

Ìṣirò omi òjò kò le. Tí òjò tó jẹ́ mílímítà kan bá rọ̀ sórí òrùlé tó jẹ́ mítà kan níbùú àti mítà kan lóròó, lítà omi kan ni.

Nítorí náà, òrùlé tó jẹ́ mítà 10 níbùú àti mítà 10 lóròó lè gba 2,000 lítà nínú òjò kan ṣoṣo tó jẹ́ mílímítà 20. Tí a bá yọ èyí tó ta dànù àti èyí tó gbẹ, ó ṣì lè ku nǹkan bíi 1,600 lítà. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 mẹ́rìnlélọ́gọ́ta nìyẹn.

Tí ewé bá ti dí ẹnu páìpù, omi yẹn yóò kún gọ́tà, yóò sì ya sára ògiri. Pákó etí òrùlé yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, ìwúwo ẹrẹ̀ sì lè fa gọ́tà já.

Èyí tó burú jù ni omi tó dúró sínú rẹ̀. Ẹ̀fọn Aedes aegypti, tó ń gbé ibà dengue àti ibà pọ́njú tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí yellow fever, kò nílò ju omi díẹ̀ lọ. Ẹyin rẹ̀ lè wà ní gbígbẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù kó má kú. Tí omi bá ti kàn án, ó lè pa, kó di tanwíjí, kó sì di ẹ̀fọn tó ń fò láàárín nǹkan bí ọjọ́ méje sí mẹ́wàá.

Ní Burkina Faso lọ́dún 2023, àwọn tí wọ́n fura sí pé wọ́n ní ibà dengue lé ní 100,000, ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ló sì kú.

Báwo ni fákúùmù ṣe ń ṣiṣẹ́?

Onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Hubert Cecil Booth, ló ṣe ọ̀kan lára àwọn ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tó ń fa eruku lọ́dún 1901. Ẹ̀rọ náà tóbi débi pé ẹṣin ló ń fà á kiri. Ìta ilé ni wọ́n máa ń gbé e sí, wọn yóò wá na rọ́bà gígùn gba ojú fèrèsé wọlé.

Títí di òní, ọgbọ́n ibẹ̀ kò yí padà. Ẹ́ńjìnnì inú ẹ̀rọ ń lé afẹ́fẹ́ jáde, èyí sì mú kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ dínkù. Afẹ́fẹ́ ìta yóò wá rọ́ wọlé láti dí àlàfo náà, yóò sì gbé ewé àti eruku dání.

Ìyẹn ni pé kì í ṣe ẹ̀rọ gan-an ló ń fa ìdọ̀tí, afẹ́fẹ́ tó ń rọ́ wọlé ló ń tì í. Ìdí nìyí tí agbára rẹ̀ fi ní òpin.

Fákúùmù ilé tó lágbára díẹ̀ lè gbé omi gun òkè nínú páìpù tó nǹkan bíi mítà méjì péré. Bẹ́ẹ̀, gọ́tà ilé tí kò ní òkè máa ń ga tó mítà mẹ́ta. Tí páìpù bá wọ inú omi tàbí ẹrẹ̀ pátápátá, tí afẹ́fẹ́ kò ráyè wọlé, kò sóhun tó máa gun òkè. Àfi kí afẹ́fẹ́ máa bá a wọlé pọ̀.

Ewé gbígbẹ rọrùn ní tirẹ̀. Nítorí náà, ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí gbogbo nǹkan ti gbẹ, ni ìgbà tó dára jù láti ṣe é.

Àwọn ohun tí wọ́n nílò

• Fákúùmù tó lè fa omi àti eruku. Èyí tí wọ́n fi ń gbá kápẹ́ẹ̀tì lásán kò dára, nítorí omi lè wọ inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

• Páìpù ike PVC, irú èyí tí àwọn púlọ́mbà ń lò, tí ẹnu rẹ̀ kò ju ti rọ́bà fákúùmù lọ púpọ̀. Íǹṣì méjì ló sábà máa ń bá a mu.

• Ẹ́líbò méjì, àti àwọn ìsopọ̀ tí yóò jẹ́ kí páìpù ṣe é tú sí wẹ́wẹ́.

• Dúrọ́ọ̀mù ike tó nípọn, tí ìdérí rẹ̀ sì le pinpin.

• Téèpù tó lágbára, gọ́ọ̀mù páìpù, awò tó ń dáàbò bo ojú, ìbòmú àti ìbọ̀wọ́.

Bí wọ́n ṣe ń tò ó pọ̀

Ohun àkọ́kọ́ ni kí wọ́n wọn gíga gọ́tà láti ilẹ̀. Tó bá jẹ́ mítà mẹ́ta, páìpù tó jẹ́ mítà méjì ààbọ̀ lè tó, torí pé èèyàn ni yóò gbé e dání. Kí wọ́n gé e sí ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta kó lè rọrùn láti gbé.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n yóò so ẹ́líbò méjì mọ́ra wọn ní orí páìpù, kó lè tẹ̀ bí ìwọ̀. Páìpù yóò gòkè, yóò rékọjá etí gọ́tà, ẹnu rẹ̀ yóò sì dojú kọ inú gọ́tà nísàlẹ̀. Wọ́n yóò so páìpù kékeré tó gùn tó ìka mọ́ ẹnu rẹ̀, wọn yóò sì gé e ní dídà kó má baà lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ gọ́tà.

Orí ìwọ̀ yìí nìkan ni kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀. Téèpù ni kí wọ́n fi di àwọn ìsopọ̀ tó kù, torí pé ewé yóò há sínú ẹ́líbò nígbà mìíràn, wọn yóò sì ní láti tú u. Gbogbo ibi tí afẹ́fẹ́ bá ti ń jò wọlé ni agbára ẹ̀rọ náà ti ń dínkù.

Kí ni dúrọ́ọ̀mù wà fún?

Láàárín páìpù àti fákúùmù ni dúrọ́ọ̀mù máa ń wà. Wọ́n yóò dá ihò méjì lu. Páìpù tó ń bọ̀ láti gọ́tà yóò gba ẹ̀gbẹ́ wọlé ní ìdàgìrì, kí afẹ́fẹ́ lè máa yí po bí ìjì. Rọ́bà fákúùmù yóò gba àárín ìdérí jáde.

Bí afẹ́fẹ́ ṣe ń yí, ewé, iyanrìn àti ẹrẹ̀ tó wúwo yóò já sísàlẹ̀ dúrọ́ọ̀mù. Afẹ́fẹ́ àti eruku díẹ̀ nìkan ni yóò dé inú fákúùmù, asẹ́ rẹ̀ kò sì ní tètè dí.

Irú ọgbọ́n yìí ni wọ́n ń lò níbi tí wọ́n ti ń la pákó. Òun náà ni James Dyson lò láti ṣe fákúùmù tí kò ní àpò lẹ́yìn tó ti gbìyànjú àpẹẹrẹ 5,127.

Àmọ́ dúrọ́ọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lè rún mọ́ ara rẹ̀. Tí páìpù bá dí pátápátá, afẹ́fẹ́ ìta lè tẹ ìdérí tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 40 bí ẹni pé ẹrù tó ju kílò 200 lọ wà lórí rẹ̀. Tí ìró ẹ́ńjìnnì bá ṣàdédé yí padà, kí wọ́n tètè pa á.

Ní ti bí wọ́n ṣe máa rí inú gọ́tà láti ilẹ̀, dígí kékeré tí wọ́n so mọ́ igi gígùn lè ṣe é. Àwọn mìíràn máa ń so fóònù mọ́ igi láti fi ya fídíò.

Ṣé jẹnẹrétọ̀ kékeré lè gbé e?

Ọ̀pọ̀ fákúùmù tó ń fa omi máa ń gba 1,000 sí 1,600 wáàtì iná. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí àwọn èèyàn ń pè ní "I better pass my neighbour" sábà máa ń gbé nǹkan bíi 650 wáàtì péré. Kò lè gbé e, ó sì lè jó.

Jẹnẹrétọ̀ tó tóbi tàbí iná ìjọba ni wọ́n máa lò. Ìta gbangba ni kí jẹnẹrétọ̀ wà, jìnnà sí ojú fèrèsé, torí pé èéfín rẹ̀ lè pa èèyàn. Kí wáyà ìfàgùn má sì wà nínú omi.

Ìgbà tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni lo ẹ̀rọ yìí

Tí wáyà iná bá kọjá nítòsí òrùlé, kí wọ́n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀. Páìpù ike tó lómi lára lè gbé iná, páìpù onírin burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Tí òrùlé bá jẹ́ síìtì asbestos àtijọ́, tó ṣì wà lórí ọ̀pọ̀ ilé ní Nàìjíríà àti Ghana, kí wọ́n má fi fákúùmù ilé kàn án rárá. Eruku rẹ̀ kéré débi pé asẹ́ lásán kò lè mú un, yóò kàn fọ́n ká sínú afẹ́fẹ́ ni. WHO sọ pé gbogbo oríṣìí asbestos ló lè fa jẹjẹrẹ.

Bákan náà ni ìgbẹ́ eku. Ibà Lassa, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣàwárí rẹ̀ lọ́dún 1969 ní ìlú Lassa ní ìpínlẹ̀ Borno, máa ń ti ara ìtọ̀ àti ìgbẹ́ irú eku kan ran èèyàn. Tí wọ́n bá rí ìgbẹ́ eku nínú gọ́tà, kí wọ́n má gbá a, kí wọ́n má sì fi ẹ̀rọ fà á ní gbígbẹ. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi omi tí wọ́n po mọ́ blíìṣì rin ín, kí wọ́n tó fi ìbọ̀wọ́ kó o.

Ẹni tí kò ní fákúùmù ńkọ́?

Ẹni tó ní omi ẹ̀rọ tó ń sáré lè so irú páìpù oníwọ̀ kan náà mọ́ rọ́bà omi, kó sì fi fọ gọ́tà. Kó kọ́kọ́ yọ páìpù tó lọ sínú táǹkì, kí ìdọ̀tí má baà tẹ̀lé omi wọlé. Àmọ́ níbi tí wọ́n ti ń ra omi, èyí jẹ́ ìnáwó.

Àwọ̀n wáyà tí wọ́n bá tẹ́ sójú gọ́tà lè dín ewé kù, àmọ́ kò lè dá eruku dúró.

Bó ti wù kí gọ́tà mọ́ tó, kò yẹ kí omi òjò àkọ́kọ́ wọ táǹkì. Òrùlé fúnra rẹ̀ ni omi náà ń fọ̀. Fún òrùlé onímítà 10 níbùú lóròó, wọ́n lè da 50 sí 200 lítà àkọ́kọ́ nù, tàbí kí wọ́n fi fọ ilẹ̀.

Èyí ṣe pàtàkì gan-an ní Port Harcourt, níbi tí àwọn aráàlú ti ń ké gbàjarè láti ìparí ọdún 2016 nípa eruku dúdú tó ń bà lé ilé wọn, tí wọ́n sì ní àwọn tó ń fọ epo rọ̀bì lọ́nà àìtọ́ wà lára ohun tó fà á. Síse omi lè pa kòkòrò àìfojúrí inú rẹ̀, àmọ́ kò lè yọ eruku dúdú kúrò.

Ìgbà wo ló yẹ kí wọ́n ṣe é?

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún lè tó fún ọ̀pọ̀ ilé ní gúúsù Nàìjíríà: ìparí ẹ̀ẹ̀rùn kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, àti àárín oṣù Kẹjọ tí òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀. Ilé tí igi máńgòrò bá ṣíji bò lè nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Fákúùmù ló gbówó lórí jù nínú gbogbo rẹ̀, kò sì pọn dandan kí ilé kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Àwọn ayálégbé inú ọgbà kan lè dáwó ra ọ̀kan, kí onílé kọ̀ọ̀kan sì ní páìpù tó bá gíga gọ́tà tirẹ̀ mu.