Kí Ẹ Tó San Owó Ilé Ẹ̀kọ́ Oúnjẹ Sísè, Ẹ Ka Ojú Iná Wọn

Láti Pen Cinema ní Agége títí dé abẹ́ bíríìjì Ìkẹjà, ẹ máa rí pátákó wọn lára ògiri àti lára òpó iná: "Di ṣẹ́ẹ̀fù láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà." Láti ìgbà tí Hilda Baci ti fi wákàtí 93 àti ìṣẹ́jú 11 dáná ní Lẹ́kì lọ́dún 2023, tí orúkọ rẹ̀ wọ ìwé Guinness, lójú tèmi ṣe ni àwọn pátákó yẹn ń bímọ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi san owó ọ̀kan. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rìnlélógún, ojú iná gáàsì mẹ́rin, fíríìjì kan tí iná kì í sí láti gbé e. Olùkọ́ ń sè, àwọn ọmọ ń fi fóònù ká fídíò. Ó gbé ìwé ẹ̀rí tó ń dán yinrin délé, mo ní kó bá mi gé àlùbọ́sà wẹ́wẹ́. Ó wò mí lójú. "Àǹtí, a ò dé ibi ọ̀bẹ o."

Ìyẹn ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí.

Ẹ jẹ́ ká sáré dé Paris, a ò ní pẹ́ níbẹ̀. Le Cordon Bleu tí gbogbo ayé ń fẹnu pọ́n, akọ̀ròyìn obìnrin kan tó ń jẹ́ Marthe Distel ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1895. (Ẹ rí i pé iṣẹ́ wa yìí náà lè bímọ gidi.) Ìwé ìròyìn oúnjẹ ló fi bẹ̀rẹ̀, kó tó di pé ní January 1896 ó pe àwọn èèyàn wá wo bí àwọn ọ̀gá alásè ṣe ń dáná. Wá wò ni o. Ṣùgbọ́n lónìí, apá méjì ni ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ní: wàá wo ọ̀gá, lẹ́yìn náà wàá wọ ilé ìdáná lọ fi ọwọ́ ara rẹ ṣe é. Ibi tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ yẹn, apá kìíní ni wọ́n tà fún un.

Ní tiwa, apá kejì la fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó bá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ìyá alásè tàbí ní búkà, omi ló máa kọ́kọ́ pọn, á fọ ìkòkò, á ṣa ẹ̀wà, á bó iṣu, kí wọ́n tó jẹ́ kó fọwọ́ kan iyọ̀. Kò sí ìwé, kò sí pátákó ìkọ̀wé. Ọjọ́ tó bá ṣe fíríìdọ́ọ̀mù, ọwọ́ ẹ̀ ti mọ iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn kúùkù tó ń dáná fáwọn òyìnbó ayé àtijọ́ ṣe mọ̀ ọ́n.

Búrẹ́dì Agége náà, ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà tó wá ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Nàìjíríà lọ́dún 1913, dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní Èbúté-Mẹ́ta ní nǹkan bí ọdún 1921, títí wọ́n fi ń pè é ní ọba búrẹ́dì. Iṣẹ́ yẹn tàn kálẹ̀. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé àwọn èrò ọkọ̀ ojú irin tó ń rà á ní ibùdó Agége ló sọ ọ́ ní búrẹ́dì Agége. Ẹ̀rọ onírin roboto méjì tí wọ́n ń ki ìyẹ̀fun pípò bọ̀ ní àìmọye ìgbà ló jẹ́ kó ki, tó sì ń fà. Ṣùgbọ́n nínú irú ẹ̀kọ́ yẹn náà ni ọmọ iṣẹ́ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń da bromate sí i kó lè wú, láìmọ ìdí tí NAFDAC fi fòfin dè é. Ọwọ́ mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ ìdí rẹ̀ fún un.

Ilé iṣẹ́ ńláńlá ló sọ ìdí yẹn di dandan. Kí a tó gba òmìnira, nígbà tí Ìkẹjà ṣì wà lábẹ́ Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ni wọ́n ti yà á sọ́tọ̀ fún ilé iṣẹ́. Guinness dé lọ́dún 1962, Cadbury náà wá sí Àgídìngbì. Àwọn òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ jẹun ọ̀sán lásìkò kan náà. Nígbà tí Mr Bigg's bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1986, míìtì páì gbọ́dọ̀ dùn bákan náà ní gbogbo ẹ̀ka. Fífi ojú wọn nǹkan ò lè ṣe ìyẹn. Ó gba òṣùwọ̀n, ó gba àkọsílẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tó ní ìdí yẹn, ó wà nítòsí. Yabatech, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1947, ń kọ́ni ní ND àti HND lórí iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì àti oúnjẹ. Èmi náà, poli ni mo lọ. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. FIIRO ní Òṣòdì, tí kò jìnnà sí Agege Motor Road, ti wà láti 1956. Iṣẹ́ ìwádìí ni tiwọn, wọ́n ṣe wàhálà lórí búrẹ́dì tí wọ́n fi ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ sí, wọ́n sì máa ń kọ́ aráàlú tó bá sanwó. Ẹni tí kò fẹ́ lọ poli lè ṣe ìdánwò oúnjẹ sísè ti NABTEB.

Wàyí o, ẹ bá mi wọ inú ilé ìdáná wọn kí ẹ tó fowó sílẹ̀. Ẹ ka ojú iná. Tí èèyàn bá ju méjì lọ lórí ojú iná kan, ẹni kẹta ń wòran ni. Ṣé irin tí kì í dípẹtà ni tábìlì? Pákó máa ń mu omi ẹran tútù. Pátákó ìgénǹkan ńkọ́? Pupa fún ẹran tútù, búlúù fún ẹja, àwọ̀ ewé fún ẹ̀fọ́, kí ìdọ̀tí ẹran má bàa dé inú sàláàdì. Ibi ìfọwọ́ gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí ibi ìfọwo. Sílíńdà gáàsì gbọ́dọ̀ wà níta, ohun ìpaná gbọ́dọ̀ wà nínú.

Fíríìjì ni mo fẹ́ kí ẹ dúró tì jù. Oúnjẹ tútù ò gbọdọ̀ kọjá 5°C, èyí tó gbóná ò gbọdọ̀ wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 60°C. Àárín méjèèjì yẹn ni kòkòrò ti ń pọ̀ sí i, oúnjẹ tí a sè ò sì gbọdọ̀ wà níbẹ̀ ju wákàtí méjì lọ. Ẹ wo ìrẹsì òde àríyá. Kòkòrò kan wà lára ìrẹsì tí hóró rẹ̀ kì í kú sínú omi híhó. Tí wọ́n bá sè é lóru, tí wọ́n dé e sínú kúlà tó ń tutù díẹ̀díẹ̀ di ọ̀sán ọjọ́ kejì, hóró yẹn á hù, á tu májèlé sílẹ̀. Títún un gbóná ò lè pa májèlé yẹn. Ẹ̀ ń bú àjẹ́, ìrẹsì ló ṣe yín. Ilé ẹ̀kọ́ tí kò ní fíríìjì tó ń ṣiṣẹ́, tí kò ní tẹmọ́mítà, báwo ló ṣe fẹ́ kọ́ yín nìyẹn?

Ìbéèrè tó kẹ́yìn: ta ló ń ṣe ìdánwò? Tó bá jẹ́ ọ̀gá tó gbowó náà ló tún fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí, ìwé yẹn ò lè rìn jìnnà.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àárọ̀ ló ń lọ sí ilé búrẹ́dì kan ní Agége, wọ́n ti jẹ́ kó máa wọn ìyẹ̀fun, ó sì ń tọ́jú owó fọ́ọ̀mù NABTEB. Ó ra tẹmọ́mítà kékeré kan. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ó tì í bọ inú fíríìjì mi, ó ka 11°C. Mo ti ránṣẹ́ pe ẹni tó máa tún un ṣe.