Àwọn onímọ̀ wáìnì: ṣé ahọ́n ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n ni, àbí ìwé?

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, nílùú St. Louis lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, èèyàn 24 yege nínú ìdánwò Master Sommelier, oyè tó ga jù lọ fún àwọn tó ń bójú tó wáìnì nílé oúnjẹ ńláńlá. Kí oṣù Kẹwàá tó parí, wọ́n ti gba oyè náà padà lọ́wọ́ àwọn 23 nínú wọn.

Ohun tó fà á ni pé ẹnì kan tó ti jẹ oyè náà tẹ́lẹ̀ tú àṣírí nípa wáìnì tí wọ́n fẹ́ fi dán wọn wò. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé etí ìgbìmọ̀, wọ́n fagi lé èsì ìtọ́wò gbogbo ẹni tó kópa. Ẹnì kan ṣoṣo tó kù ti yege apá yẹn ṣáájú àkókò náà.

Ẹ lè máa bèèrè pé, ṣé torí ọtí ni gbogbo ariwo yìí? Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ìdánwò náà jẹ́.

Sommelier jẹ́ ọ̀rọ̀ Faransé. Òun ló ń ra wáìnì fún ilé oúnjẹ, tó ń tọ́jú rẹ̀, tó sì ń bá oníbàárà yan èyí tó bá oúnjẹ àti àpò rẹ̀ mu. Ìlú London ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe ìdánwò Master Sommelier ní 1969. Títí di ìgbà tí wàhálà yìí ṣẹlẹ̀, àwọn tó gbà á kò tíì pé 300 káàkiri àgbáyé.

Apá mẹ́ta ló ní. Wọ́n á bi ẹ ní ìbéèrè lẹ́nu nípa òfin, òkè, odò àti ilẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń gbin àjàrà. Wọ́n á wò ó bí o ṣe ń gbé ọtí fún àlejò. Ìkẹta ló máa ń dẹ́rù bani jù: ife mẹ́fà, kò sí orúkọ lára wọn, ìṣẹ́jú 25 péré. Wàá sọ irú àjàrà tó jẹ́, orílẹ̀-èdè tó ti wá, àti bó ṣe pẹ́ tó.

Kì í ṣe àfọ̀ṣẹ. Ẹ wo ẹni tó ti ń mu ẹmu tipẹ́: bó bá tọ́ ọ wò, á sọ bóyá ti àárọ̀ ni tàbí ti àná, bóyá ti ọ̀pẹ ni tàbí ògùrọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti sommelier, àfi pé tirẹ̀ gba kíka ìwé gan-an. Níbi tí oòrùn bá ti mú, àjàrà máa ń pọ́n dáadáa, ṣúgà rẹ̀ á pọ̀. Ṣúgà yìí ló ń di ọtí, nítorí náà wáìnì ibẹ̀ máa ń le, kì í sì í kan púpọ̀. Ti ibi tó tutù máa ń kan lẹ́nu. Wáìnì pupa tó bá ti pẹ́, àwọ̀ rẹ̀ á máa ṣá, á fẹ́ dà bíi bíríkì. Ti funfun ní tiẹ̀ á máa pọ́n sí i. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti Riesling, àjàrà tí wọ́n mọ̀ mọ́ Jámánì. Tó bá pẹ́ nínú ìgò, ó lè máa rùn bíi kẹrosíìnì! Ẹlòmíì á dà á nù ni, sommelier á dárúkọ rẹ̀.

Àmọ́ ojú máa ń tan imú jẹ o. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2001, Frédéric Brochet àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bordeaux, nílẹ̀ Faransé, da àwọ̀ pupa tí kò ní òórùn sínú wáìnì funfun, wọ́n sì gbé e fún akẹ́kọ̀ọ́ 54 tó ń kọ́ ìmọ̀ wáìnì. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún wáìnì pupa ni wọ́n fi júwe rẹ̀. Torí náà ni sommelier kì í fi àmì kan ṣoṣo dájọ́. Á wo àwọ̀, á gbóòórùn, á tọ́ ọ wò, á wá kó gbogbo ẹ̀ pọ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

Ìdí nìyẹn tí àṣírí tó tú ní St. Louis fi ba gbogbo nǹkan jẹ́. Bí o bá ti mọ ohun tó wà nínú ife, kò sí ohun tó kù láti rò. Síbẹ̀, lójú tèmi, ìyà náà le jù fún àwọn tó ní àwọn ò gbọ́ nǹkan kan ṣáájú, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti fi ọ̀pọ̀ ọdún múra sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ ní kí wọ́n wá tún un ṣe. Àwọn kan lọ, díẹ̀ nínú wọn tún yege. Àwọn mìíràn ní àwọn ò ṣe mọ́.