ABẸ ONÍRIN ÀTI SÍTÍÌKÌ ONÍKE: ÈWO LÓ Ń JẸ OWÓ WA JÙ?



Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lórí ewé yìí kéré lójú, ṣùgbọ́n owó wà níbẹ̀, àìsàn náà sì wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ abẹ ni. Nígbà tí a ń túká ní ìpàdé, ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa tó ń ta èlùbọ́ ń ráhùn pé gbogbo Sátidé ni òun ń fún àwọn ọmọ òun lówó sítíìkì, ìyẹn ṣéfìn sítíìkì oníke tí wọ́n fi ń fá irùngbọ̀n, síbẹ̀ kì í tó. Bàbá ilé ń lò ó, ọmọkùnrin mẹ́ta ń lò ó, bó bá di alẹ́ ìyá náà á tún mú un, á fi fá abíyá. Sítíìkì kan, èèyàn márùn-ún! A bi í pé ṣé ó mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ máa ń wà lẹ́nu nǹkan yẹn, ó ní àwọn ń fi omi ṣàn án. Ìdí tí a fi jókòó kọ èyí nìyẹn, nítorí ọjà wọ́sìwọ́sì ni àwa ń tà, abẹ sì wà lára ohun tó ń bọ́ wa látọjọ́ tó ti pẹ́.

Oríṣi mẹ́rin ni ohun ìfárun tó wà lórí àtẹ lónìí. Èkíní ni abẹ fẹ́lẹ́ lásán, Tiger, Nacet àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, tí àwọn kan ń fi ìka mú láìní ọwọ́. Èkejì ni sítíìkì oníke tí à ń lò jù nù. Ẹ̀kẹta ni èyí tí orí rẹ̀ ń yọ, tí abẹ mẹ́ta tàbí márùn-ún tò sórí kan ṣoṣo. Ọwọ́ ìyẹn lè má wọ́n, orí rẹ̀ ló ń pa èèyàn, orí ti ilé iṣẹ́ kan kì í sì í sábà wọ ọwọ́ ti ilé iṣẹ́ mìíràn. Ẹ̀kẹrin ni èyí tí à ń bọ̀ wá sọ, abẹ onírin: ọwọ́ irin tó wúwo díẹ̀, tí a ń lọ́ orí rẹ̀ ṣí, tí a ń fi abẹ fẹ́lẹ́ kan sáàárín, tí a ó sì lọ́ ọ padà. Ẹ̀yin àgbà á rántí. Àwọn bàbá tó ṣe tísà àti akọ̀wé láyé ijọ́sí ní tiwọn nínú páálí kékeré, ọmọdé ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Ẹni tó gbé e jáde, oníṣòwò bíi tiwa ni. King Camp Gillette lorúkọ rẹ̀, ará Amẹ́ríkà, ìdérí ìgò ló ń tà kiri fún ilé iṣẹ́ kan. Ọ̀gá ibẹ̀ ló gbà á nímọ̀ràn pé kó wá ohun kan tí èèyàn á lò, tí á jù nù, tí á sì padà wá rà. Ní 1895 ni ọgbọ́n abẹ fẹ́lẹ́ sọ sí i lọ́kàn, ní 1901 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Lọ́dún 1903 tí wọ́n kọ́kọ́ pàtẹ, ọwọ́ abẹ 51 àti abẹ 168 péré ni wọ́n rí tà. Ẹ wò ó, ẹlòmíràn nínú wa ì bá ti ká àtẹ kúrò. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 1904, ọwọ́ abẹ tí wọ́n tà lé ní 90,000, ọdún yẹn náà ni ìjọba Amẹ́ríkà fún un níwèé pé òun nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti máa ṣe é. Nígbà tí ẹ̀tọ́ yẹn parí ní 1921, ẹnikẹ́ni ló lè ṣe irú rẹ̀ tà. Àwa là ń jẹ àǹfààní rẹ̀ títí dòní: abẹ fẹ́lẹ́ olójú méjì tí ẹ bá rà, ti Tiger ni o, ti Nacet ni o, ti ẹni tí ẹ ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí ni o, yóò wọ ọwọ́ onírin náà. Kò sẹ́ni tó lè so yín mọ́ àtẹ tirẹ̀ nìkan.

Sítíìkì oníke ò tíì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ní 1975 ni Bic gbé tirẹ̀ jáde. Látìgbà yẹn ló ti di pé nígbàkigbà tí ẹnu abẹ bá kú, a tún ń ra ọwọ́ tuntun mọ́ ọn. Ibẹ̀ gan-an lowó wa ń gbà lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Iye tí a fẹ́ pè yìí, àpèjúwe ni o, ẹ má fi bá wa jà lórí àtẹ. Ká ní sítíìkì kan jẹ́ ₦300, tí bàbá ilé ń lo ọ̀kan lọ́sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 52 ló wà lọ́dún, ₦15,600 nìyẹn. Ká ní abẹ fẹ́lẹ́ kan jẹ́ ₦100, tó ń lo ọ̀kan lọ́sẹ̀, ₦5,200 ni. Bí ẹ bá wá ra ọwọ́ onírin ₦6,000 mọ́ ọn, ọdún àkọ́kọ́ á jẹ́ ₦11,200, ₦4,400 ti ṣẹ́ kù síbẹ̀. Lọ́dún kejì ẹ ò ra ọwọ́ mọ́, ₦10,400 ló kù sápò. ₦200 lẹ̀ ń tọ́jú lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ọ̀sẹ̀ 30 ni ọwọ́ onírin fi ń san owó ara rẹ̀ padà. Bí ẹ bá lọ ra ti ₦15,000 nítorí pé ó ń dán, ọ̀sẹ̀ 75 ni, ìyẹn sì ti lé lọ́dún kan. Ẹ fi iye tí wọ́n ń tà lọ́jọ́ tí ẹ bá ń ka ìwé yìí síbẹ̀, ẹ ó rí ohun tí à ń wí. Ẹni tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń fárùngbọ̀n, kó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú, owó rẹ̀ ò ní tètè padà.

Ẹ má sì retí pé sítíìkì á wálẹ̀. Òkè òkun ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. Láti oṣù kẹfà 2023 tí ìjọba ti tú náírà sílẹ̀ kó máa wá ipò ara rẹ̀ níwájú dọ́là, gbogbo wa la mọ ohun tójú ọjà rí. Ní oṣù kejìlá ọdún yẹn kan náà ni ilé iṣẹ́ P&G, tó ra Gillette ní 2005, tún kéde pé àwọn ò ní ṣe ọjà ní Nàìjíríà mọ́, kíkó wọlé làwọn ó máa kó o. Bí dọ́là bá gbéra, abẹ fẹ́lẹ́ náà á gbéra lóòótọ́, ṣùgbọ́n irin pẹlẹbẹ kékeré kan lẹ̀ ń rà, ẹ ò ra ike àti páálí mọ́ ọn.

Báwo la ṣe ń yan ọwọ́ onírin? Ẹ fara balẹ̀ níbí, nítorí ibẹ̀ ni ojú wa ti rí nǹkan. Lọ́dún kan a lọ sí Èkó, a kó dọ́sìnnì méjì wá, ó ń dán bíi dígí, owó rẹ̀ sì rọjú. Kò tó oṣù méjì tí oníbàárà kan gbé tirẹ̀ padà wá: ó bọ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ ní balùwẹ̀, ọrùn rẹ̀ ṣẹ́ gẹ́lẹ́ síbi tí wọ́n ti ń lọ́ ọ. Kò pẹ́, mẹ́rin mìíràn tún dé. A dá owó wọn padà, nítorí ojú là ń wò tajà ní Ọjà'ba, ṣùgbọ́n gbogbo èrè ọjà yẹn ló bá a lọ. Nígbà tí a wo ojú ibi tó ti ṣẹ́, ó rí bí eérú, ó ń rún. Síǹkì ni wọ́n dà, tí wọ́n wá fi àwọ̀ dídán bò ó.

A ò sọ pé síǹkì ò dáa rárá. Bí orí ìbòrí rẹ̀ bá jẹ́ síǹkì, ó ṣì lè pẹ́. Ọwọ́ àti ibi ìlọ́ rẹ̀ ni ká wá kó jẹ́ idẹ. Torí náà kí ẹ tó sanwó, ẹ tú u palẹ̀, ẹ wo ibi ìlọ́ tí irin ti ń ha irin: bó bá ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí idẹ, ẹ máa bá ọ̀rọ̀ lọ, bó bá funfun bí eérú, ẹ dín owó tí ẹ fẹ́ san kù. Ẹ mú òòfà dání, irú èyí tí àwọn ọmọ ń yọ lẹ́yìn sípíkà rédíò. Bó bá gbá ọwọ́ náà mú pinpin, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irin lásán tí wọ́n kùn, omi balùwẹ̀ á jẹ ẹ́. Òòfà ò lè yà idẹ sọ́tọ̀ kúrò lára síǹkì o, kò mú èyíkéyìí nínú méjèèjì, ìdí nìyẹn tí a fi ní kí ẹ fojú wo ibi ìlọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fi abẹ kan sí i lójú yín. Ẹ gbé e sókè síwájú ojú, ẹ wo bí ẹnu abẹ ṣe yọ lọ́tùn-ún àti lósì. Ó gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí apá kan bá yọ ju ìkejì lọ, apá kan á máa geni lára, ìkejì ò ní fá nǹkan kan. Àbùkù tó pọ̀ jù lára olówó pọ́ọ́kú nìyí, a sì lè rí i ní ìṣẹ́jú kan. Èyí tí etí rẹ̀ tẹ́jú ló dáa fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, èyí tó léyín bí òòyà máa ń gbóná mọ́ ara. Kí ọwọ́ rẹ̀ rí gọ́ngọgọ̀ngọ díẹ̀ kó má bàa yọ̀ bí ọṣẹ bá kàn án. Àwọn kan wà tí orí wọn ń ṣí bí ilẹ̀kùn méjì, ó dùn ún wò, ṣùgbọ́n ọṣẹ àti omi kànga máa ń dí i; ẹlẹ́yọ mẹ́ta tó ń tú palẹ̀ ni kó wu yín.

Ti abẹ fẹ́lẹ́ náà, ẹ wo bébà tó wé e. Bó bá ti rin rí, tàbí tí ìpẹtà ti tò sí etí rẹ̀, ẹ dá a padà.

Ẹ gbọ́, owó nìkan kọ́. Irun àwa aláwọ̀ dúdú ká, bó ṣe ń hù ló ń tẹ̀ kọrọdọ. Àwọn abẹ olójú mẹ́ta, márùn-ún, abẹ iwájú lè fa irun náà yọ, tèyìn á gé e wọnú ara. Bó bá ń hù padà, inú ẹran ara ló ń gbà, ibẹ̀ á wú, á di kókó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tí àwọn ọmọ ń pè ní bọ́mpù. Abẹ kan ṣoṣo kì í sábà gé e jìn tó bẹ́ẹ̀. Ẹ bá bàbá ilé sọ ọ́ ní ohùn tútù pé kó fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ rẹ irun náà, kó dẹ orí abẹ sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, kó máa fá a lọ síbi tí irun kọjú sí, kó má sì tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ onírin ní ìwọ̀n tirẹ̀, ìwọ̀n yẹn tó. Àwọn ọkùnrin tó ti mọ́ lára láti máa tẹ sítíìkì mọ́ àgbọ̀n ló ń fi í gé ara wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n á wá ní ìyàwó ló ra ohun burúkú wálé. Ẹni tí bọ́mpù rẹ̀ bá ti ń ṣe ọyún, kó jẹ́ kí irun sinmi, kó lọ rí dókítà.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìyá ẹlẹ́lùbọ́ wa. Kòkòrò àrùn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní Hepatitis B lè wà láàyè nínú ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ fún ọjọ́ méje, ó kéré tán. Ẹ̀jẹ̀ tí ẹ ò tiẹ̀ fojú rí ń bẹ lẹ́nu abẹ, omi tí a fi ń ṣàn án kò lè pa á. Àrùn éèdì náà lè ti ara abẹ tí ẹ̀jẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀ wá. Nínú ilé kan, ọwọ́ kan fún ẹnì kan, kí olúkúlùkù fi àmì sí tirẹ̀. Bí owó ò bá tó ra ọwọ́ márùn-ún lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi àjọ rà á, kí ẹni tó ń fárun jù kọ́kọ́ gba tirẹ̀, kí àwọn yòókù ṣì máa lo sítíìkì tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kẹ́nikẹ́ni má ní "ọmọ ìyá kan náà ni wá". Bí ẹ bá sì jókòó sábẹ́ onígbàjámọ̀, tàbí tí wọ́n fẹ́ gé èékánná, tí wọ́n fẹ́ sín gbẹ́rẹ́, kí wọ́n bó abẹ tuntun lójú yín.

Abẹ tó ti kú ńkọ́? Àwọn tó ń gbá ọjà wa ń fi ọwọ́ lásán kó pàǹtírí, àwọn ọmọ wa sì ń fẹsẹ̀ lásán rìn. Ẹ má jù ú sílẹ̀. Ẹ mú agolo mílíìkì tó ti tán, ẹ la ojú tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí i lórí, ẹ máa ti abẹ bọ̀ ọ́. Bó bá kún, ẹ fi òkúta lu ojú rẹ̀ pa kí ẹ tó gbé e fún àwọn akólẹ̀. A ti la irú agolo bẹ́ẹ̀ kan sórí àtẹ wa, ọwọ́ onírin kan náà wà níbẹ̀ tí a tú palẹ̀ fún wíwò. Ẹ yà, ẹ gbé e lọ́wọ́ wò, a ò ní gba owó ìwòran.