Abọ́ Oats Kan ní Òwúrọ̀: Kí Ni Ó Ń Ṣe Nínú Ẹ̀jẹ̀?

Ẹni tí ó bá ń gbé ní Abuja mọ̀ pé òwúrọ̀ ìlú yìí kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí ilé rẹ̀ wà ní Kubwa tàbí Nyanya, bí ó bá ti kírun àsùbáà tán, ojú ọ̀nà ló kù, kí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ má baà dá a dúró. Oúnjẹ àárọ̀ rẹ̀ a wá di ohunkóhun tí ó bá bá pàdé lẹ́bàá ọ̀nà: búrẹ́dì àti tíì onímílíìkì tí ó dùn bí oyin, tàbí indomie àti ẹyin díndín. Bí ọdún bá ti gorí ọdún, dókítà á ní kí ó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ìwé àyẹ̀wò á sì sọ pé ọ̀rá ti pọ̀ jù níbẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn fún bàbá kan ní àdúgbò wa. Ìyàwó wọn, Alhaja tí a jọ máa ń lọ sí àsàlátù, gbọ́ pé oats dára fún irú àìlera bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ra agolo kan. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo dé ilé wọn, mo bá abọ́ oats níwájú bàbá. Hóró ṣúgà mẹ́rin ni wọ́n ti jù sí i, wọ́n sì da odindi agolo mílíìkì lé e lórí. Bàbá ní, "Oògùn mi ni mò ń jẹ yìí o." Ó sì ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí wọn kò ti lo èyí tí dókítà kọ fún wọn mọ́. Ẹ̀rù bà mí. Ohun tí ó mú mi kọ àpilẹ̀kọ yìí nìyẹn.

Oats jẹ́ ọkà bí àgbàdo àti jéró, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tútù ni ó fẹ́ràn, ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé òkè òkun ni a ti ń kó o wá. Ohun tí ó mú un yàtọ̀ ni irú fáíbà kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní beta-glucan. Ẹni tí ó bá ti se oats rí yóò ti ṣàkíyèsí pé ó máa ń yọ̀ díẹ̀, bí ewédú tí a fi ìjábẹ̀ já. Inú yíyọ̀ yẹn gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ẹ̀dọ̀ wa a máa fi ọ̀rá tí wọ́n ń pè ní cholesterol ṣe òróòro, òróòro a sì ṣàn sínú ìfun láti bá wa da ọ̀rá inú oúnjẹ. Bí ó bá ti ṣiṣẹ́ tán, ara a tún gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n bí beta-glucan bá wà níbẹ̀, yóò wé mọ́ òróòro náà, wọn yóò sì jọ bá ìgbẹ̀ẹ́ jáde. Ó di dandan nígbà náà kí ẹ̀dọ̀ fa cholesterol mìíràn láti inú ẹ̀jẹ̀ láti fi ṣe òróòro tuntun. Bí ó ṣe ń dín kù nìyẹn. Kì í ṣe idán.

Ní oṣù kìíní ọdún 1997, àjọ FDA tí ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà gbà kí wọ́n máa kọ ọ́ sára páálí oats pé, bí oúnjẹ ènìyàn kò bá lọ́ràá púpọ̀, ó lè dín ewu àrùn ọkàn kù. Ilé iṣẹ́ Quaker fúnra rẹ̀ ni ó béèrè fún un, ènìyàn sì lè fura pé ọjà ni wọ́n ń polówó. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìwádìí láti ìgbà náà ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Gíráàmù 3 beta-glucan lójúmọ́ ni òṣùwọ̀n náà. Gíráàmù 40 oats gbígbẹ, ìyẹn nǹkan bí ìdajì ife, kò ní ju bíi gíráàmù 2 lọ, nítorí náà abọ́ kékeré kan kò tó. Ẹni tí ó bá ń jẹ ẹ́ dé òṣùwọ̀n fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lè rí i kí cholesterol burúkú fi nǹkan bí ìdá 5 sí 7 nínú 100 wálẹ̀. Èrè ni, ṣùgbọ́n kò tó ohun tí a ó torí rẹ̀ da oògùn nù.

Fún alátọ̀gbẹ, irú èyí tí a bá rà ṣe pàtàkì. Èyí tí ó nípọn, tí ó ń pẹ́ díẹ̀ lórí iná, kì í tètè dà nínú, ṣúgà rẹ̀ a sì máa wọ inú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Èyí tí a kàn ń da omi gbígbóná lé, kíá ni ó ń dà, òmíràn sì ti ní ṣúgà nínú láti ilé iṣẹ́. Àwọn ìyá kan ń lọ oats kúnná, wọ́n ń rò ó bí àmàlà. Ó dára pẹ̀lú ẹ̀fọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá ṣe kúnná tó náà ni ó ṣe ń yára dà tó, kí alátọ̀gbẹ má ṣe rò pé òkèlè ńlá kò lè pa òun lára.

Àìtètè-dà yìí ni ó mú un dára fún sààrì, bí a bá mu omi dáadáa tẹ̀ lé e. Irú oúnjẹ yìí kò sì ṣàjèjì sí ìtàn ẹ̀sìn wa. Ìwé Bukhari àti ti Muslim gbà á wá pé Àíṣà, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, a máa ní kí wọ́n se talbina fún aláìsàn àti ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ìyẹ̀fun báálì ni wọ́n fi ń ṣe é. N kò sọ pé nítorí cholesterol ni, ṣùgbọ́n báálì náà ní beta-glucan púpọ̀, àjọ FDA kan náà sì fi í kún àwọn tí ó fọwọ́ sí ní ọdún 2006.

Mo mọ ìbéèrè tí ó wà lọ́kàn ìyáálé ilé: owó dà? Láti ìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ohun tí ó bá ti òkè òkun wá ti di ọ̀wọ́n. Kí ẹnikẹ́ni má torí oats jẹ gbèsè. Ẹ̀wà ní fáíbà tí ń yòrò nínú omi tirẹ̀, ẹ̀kọ pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín tí epo rẹ̀ kò pọ̀ sì jẹ́ oúnjẹ gidi. Ògì nìkan ni kò tó, nítorí pé nígbà tí a bá ń sẹ́ ẹ, inú èérí tí a ń kó fún ewúrẹ́ ni fáíbà rẹ̀ ń bá lọ. Acha tí wọ́n ń gbìn ní Plateau wà ní ọjà Abuja pẹ̀lú. Kò ní beta-glucan bíi ti oats, ṣùgbọ́n ọkà tí ó ṣe ara lóore ni.

Bàbá ti padà sídìí oògùn wọn. Alhaja kò fi hóró ṣúgà sórí tábìlì mọ́; dàbínù méjì àti ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà ni wọ́n ń fi sí oats náà báyìí. Bàbá ṣì ń ráhùn pé oúnjẹ aláìsàn ni, ṣùgbọ́n wọ́n ń jẹ ẹ́ tán.